Línsì Ìbéríà, ológbò igbó tí ehoro ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ọdún 2002, línsì Ìbéríà tó ṣẹ́kù láyé kò pé ọgọ́rùn-ún. 94 ni wọ́n kà. Nínú ìkà ti ọdún 2024, wọ́n ti di 2,401. Láàárín iye méjèèjì yìí ni gbogbo ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ ti jáde.

Irú ẹranko wo gan-an ni?

Ìbátan ológbò ni, ẹkùn àti kìnnìún náà sì jẹ́ mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é ni Lynx pardinus. Ìtumọ̀ apá kejì orúkọ náà ni “èyí tó jọ ẹkùn”, nítorí tótòtó dúdú tó kún ara rẹ̀. Oríṣi línsì mẹ́rin ló wà láyé: méjì wà ní Amẹ́ríkà ti Àríwá, ọ̀kan tàn kálẹ̀ láti Yúróòpù dé Éṣíà, ẹ̀kẹrin sì ni èyí tí à ń sọ yìí, tí kò sí nínú igbó ibòmíràn àfi ti Spéìn àti Pọ́túgàl. Ilẹ̀ tí orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí jọ wà lórí rẹ̀, tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká tán, ni wọ́n ń pè ní Ìbéríà.

Báwo ni mo ṣe lè dá a mọ̀?

Ẹ wo etí rẹ̀ ná. Ṣóńṣó etí kọ̀ọ̀kan ní ìdì irun dúdú kan tó nà sókè bí orí búrọ́ọ̀ṣì kékeré. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀: irùngbọ̀n ńbẹ níbẹ̀, funfun òun dúdú, tó já sílẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún bíi ti bàbá arúgbó, bí ẹranko náà bá sì ṣe ń dàgbà ni irùngbọ̀n ń gùn sí i. Ẹ wá wo ìdí rẹ̀. Ìrù náà kúrú débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé wọ́n gé e ni, ṣóńṣó rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ti ẹ̀yìn tún gùn ju ti iwájú lọ.

Akọ máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 13, abo a sì máa wọn 9 sí 10. Ó ju ológbò ilé lọ ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta, àmọ́ tí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ línsì ńlá ti àríwá Yúróòpù, bí ìdajì rẹ̀ ló rí.

Ti tótòtó ara rẹ̀ yẹn, kò sí méjì tí tiwọn dọ́gba, bí kò ṣe sí ènìyàn méjì tí ìtẹ̀ka wọn bára mu. Òun ni àwọn olùṣọ́ fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á so kámẹ́rà mọ́ ìdí igi, ẹranko á kọjá lóru, kámẹ́rà á yà á, wọ́n á sì fi fọ́tò náà wé ti tẹ́lẹ̀ títí wọ́n á fi mọ ẹni tó kọjá. Bí wọ́n ṣe ń kà wọ́n náà nìyẹn.

Kí ló ń jẹ?

Ehoro ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè parí ìdáhùn síbẹ̀. Ehoro igbó ló ń kó bí ìpín mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá oúnjẹ rẹ̀. Àgbàlagbà kan nílò ọ̀kan lójúmọ́. Abo tó ń tọ́mọ nílò bíi mẹ́ta. Tí ehoro bá wọ́n, ó lè pa pẹ́pẹ́yẹ, àparò tàbí ọmọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyẹn tọ́mọ yè. Níbi tí ehoro kò bá ti pọ̀, abo lè má bímọ rárá lọ́dún náà. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Fún línsì, ọmọ bíbí gan-an wà lára ọ̀rọ̀ mìíràn náà.

Bó ṣe ń ṣọdẹ rèé. Oòrùn ti ń wọ̀, ehoro ti ń yọ jáde láti inú ihò wá jẹ koríko. Línsì á lúgọ sẹ́yìn igbó ṣúúrú, á fi àyà lélẹ̀, etí nìkan ni yóò máa yí. Ó lè pẹ́ níbẹ̀ láìmira. Tí ehoro bá kẹ̀yìn, á sún díẹ̀. Tí ehoro bá gbórí sókè, á di òkúta. Nígbà tó bá ku ìṣísẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gígùn yẹn ló máa fi ta ara rẹ̀ nù, á bà lé e, á gé e lọ́rùn jẹ. Kì í lé ehoro jìnnà. Bí fífò yẹn bá tàsé, ó sábà máa ń jẹ́ kó lọ.

Kí ló wá fẹ́rẹ̀ẹ́ run ún?

Ohun púpọ̀ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà ọkùnrin kan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1952, dókítà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní ilẹ̀ Faransé, Paul-Félix Armand-Delille, rí i pé ehoro ń ba ilẹ̀ òun jẹ́. Ó wá fáírọ́ọ̀sì myxomatosis, àrùn tó ń pa ehoro, rí, ó fi abẹ́rẹ́ gún un sí ehoro méjì lára, ó sì tú wọn sílẹ̀ sínú ọgbà rẹ̀ tí odi yí ká. Odi kò dá ẹ̀fọn dúró. Láàárín ọdún díẹ̀, àìsàn náà ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú ehoro ilẹ̀ Faransé, ó sì ti ré òkè kọjá wọ Spéìn. Ẹni tó fẹ́ lé ehoro kúrò lóko ara rẹ̀ kò ro ti ológbò kankan mọ́ ọn.

Ehoro ṣì ń kọ́ bó ṣe máa fara da èyí lọ́wọ́ nígbà tí òmíràn dé ní ìparí àwọn ọdún 1980: àìsàn tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ya nínú ara ehoro, tó sì ń pa á láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. Lẹ́yìn ọdún 2010, oríṣi tuntun àìsàn kejì yìí tún yọjú ní Spéìn. Ọmọ ehoro tí ti àkọ́kọ́ máa ń fò dá, tuntun yìí kò fò wọ́n.

Ọwọ́ ènìyàn tó kù náà kò mọ́. Ní 1953, ìjọba Spéìn ìgbà yẹn gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti máa run àwọn ẹranko tí wọ́n kà sí apanirun, wọ́n sì ń sanwó fún ẹni tó bá kó òkú wọn wá. Línsì wà lára wọn. Ogún ọdún kọjá kí òfin tó dáàbò bò ó tó jáde, ní 1973. Síbẹ̀, pàkúté tí wọ́n dẹ fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ehoro kò mọ òfin. Igbó ṣúúrú tó ń fi ṣe ilé, wọ́n ro ó lulẹ̀, wọ́n gbin igi eucalyptus àti igi páìnì dípò rẹ̀, irú ibi tí ehoro kì í fẹ́ gbé. Títì sì ń pọ̀ sí i láàárín èyí tó ṣẹ́kù.

Tí ẹ bá ní kí n dárúkọ ẹni tó jẹ̀bi jù, n kò ní kọ́kọ́ mú ọdẹ. Ọdẹ pa púpọ̀, àmọ́ línsì tó yó á bí òmíràn dípò èyí tó kú. Èyí tí ebi ń pa kò ní rí òmíràn bí.

Níbo ni 94 yẹn wà?

Ibi méjì péré, tí wọn kò sì lè ré kọjá dé ọ̀dọ̀ ara wọn: Doñana nítòsí etíkun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Spéìn, àti àwọn òkè Andújar òun Cardeña ní Sierra Morena, ní gúúsù Spéìn. Ní Pọ́túgàl, wọ́n wá a wá a, wọn kò rí ẹyọ kan.

Kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe láti gbà á là?

Wọ́n pín iṣẹ́ sí méjì. Apá kan wà nínú igbó. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní Sierra Morena kì í ṣe ti ìjọba. Ilẹ̀ aládàáni tí wọ́n ti ń ṣọdẹ ni. Nítorí náà, wọ́n ní láti lọ bá àwọn onílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bá wọn ṣàdéhùn pé wọn kò ní pa ehoro mọ́ tàbí pé wọ́n á dín in kù, wọ́n á sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọlé. Owó Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní LIFE, ló gbé púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n ṣe ihò fún ehoro, wọ́n kó òkúta àti ẹ̀ka igi jọ bò ó, wọ́n la igbó kí koríko lè rí oòrùn. Ẹni tó bá kọjá níbẹ̀ á rò pé ehoro ni wọ́n ń sìn. Kò kúkú jìnnà sí òótọ́.

Apá kejì ni ibùdó ìbísí, níbi tí wọ́n ti ń mú kí línsì bímọ lábẹ́ àmójútó. Ti El Acebuche ní Doñana ló kọ́kọ́ so èso. Ní oṣù Kẹta ọdún 2005, abo kan tó ń jẹ́ Saliega bí mẹ́ta níbẹ̀, àwọn ọmọ línsì àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sábẹ́ àmójútó ènìyàn. Wọ́n sọ wọ́n ní Brezo, Brisa àti Brezina. (Àwa a ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, lẹ́tà ọdún ni tiwọn ń wò. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún kan náà ni lẹ́tà kan náà máa ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, ọdún B sì ni 2005.)

Ìdùnnú náà kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí ìjà ṣẹlẹ̀. Bí àwọn ọmọ náà ṣe pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Brezo àti Brezina kọjú sí ara wọn. Kì í ṣe eré. Brezina kú. Ó ya àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu, àmọ́ ọdún ń gorí ọdún, ó ń ṣẹlẹ̀ lára àwọn ọmọ mìíràn, wọ́n sì rí i pé ìwà wọn ni: ní àárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ, ọmọ ìyá kan náà lè bá ara wọn jà dójú ikú. Láti ìgbà náà, bí ọmọ bá ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí yẹn, ojú kì í kúrò lára wọn tọ̀sán tòru, kí wọ́n lè tètè là wọ́n.

Mo gbọ́ pé wọ́n fi ìdun ṣe àyẹ̀wò oyún. Ṣé lóòótọ́ ni?

Lóòótọ́ ni, òun sì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Tí ẹ bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹranko igbó, ẹ ní láti mú un, kí ẹ fún un ní oògùn oorun. Abo tó ṣeé ṣe kó lóyún kò yẹ kó rí irú ìjayà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ètò tí Astrid Vargas, dókítà ẹranko, ń darí nígbà náà ṣe ni pé wọ́n mú kòkòrò afàjẹ̀mu ńlá kan, ìbátan ìdun, tí wọn kò tíì fún lóúnjẹ. Wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sínú pátákó kọ́ọ̀kì tí abo náà máa ń sùn lé nínú àpótí rẹ̀, wọ́n fi kòkòrò náà sínú ihò. Abo dùbúlẹ̀, kòkòrò gbóòórùn ara gbígbóná, ó yọ ẹnu, ó mu ún, kò sì dà bíi pé ìyá mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nígbà tó bá dìde, wọ́n á mú kòkòrò, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ jáde nínú rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Oyún línsì máa ń gba nǹkan bí oṣù méjì. Wọ́n ń gùn láàárín oṣù Kejìlá sí Kejì, wọ́n sì sábà máa ń bí ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin, ọmọ méjì sí mẹ́rin.

Ṣé wọ́n kàn ń tú wọn sígbó ni?

Rárá o. Ibùdó ti pọ̀ sí i: La Olivilla ní Jaén, Granadilla ní Extremadura àti ọgbà ẹranko Jerez, gbogbo wọn ní Spéìn, pẹ̀lú Silves ní Pọ́túgàl. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀ kò gbọdọ̀ mọ ènìyàn mọ́ oúnjẹ, nítorí náà ẹni tó ń bọ́ ọ máa ń fara pamọ́, ehoro ààyè ni wọ́n ń jẹ́ kó bọ́ sí iwájú rẹ̀, kó lè mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Kí wọ́n tó mú línsì dé ilẹ̀ tuntun, wọ́n á kọ́kọ́ ka ehoro ibẹ̀. Tí ehoro kò bá tó, wọn kò ní mú línsì lọ. Ìgbà mìíràn wọ́n á kọ́kọ́ fi í sínú ọgbà onírin ńlá lórí ilẹ̀ náà kí ara rẹ̀ lè mọlé, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ti ju 400 lọ tí wọ́n tú sílẹ̀ báyìí láti 2010, ní Spéìn àti Pọ́túgàl. Wọ́n máa ń so bẹ́líìtì tó ń sọ ibi tó wà mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lọ́rùn.

Bẹ́líìtì yẹn ló tú àṣírí àwọn alárìnkiri. Wọ́n tú Kentaro sílẹ̀ ní àárín gbùngbùn Spéìn ní 2014. Kò dúró síbẹ̀. Ó rìn títí, ó wọ Pọ́túgàl, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkun, kí ọkọ̀ tó pa á lójú ọ̀nà márosẹ̀ nítòsí Porto ní 2016. Litio, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní gúúsù Pọ́túgàl, ni wọ́n bá nítòsí Barcelona ní Spéìn ní 2018, lẹ́yìn ìrìn tó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ. Wọ́n mú un padà.

Kí ló ń pa wọ́n jù báyìí?

Ọkọ̀ ni. Nínú 214 tí wọ́n rí òkú wọn ní 2024, mọ́tò ló pa 162. Apá kan rẹ̀ jẹ́ àmì pé nǹkan ń lọ dáadáa, nítorí bí wọ́n bá ṣe ń pọ̀ ni ọmọ tó ń wá ilẹ̀ tirẹ̀ á ṣe máa sọdá títì. Síbẹ̀, òkú 162 kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń ta waya sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí ẹranko má bàa já lu ọkọ̀, wọ́n ń la ọ̀nà gba abẹ́ títì kọjá fún un, wọ́n sì ń ro igbó ẹ̀bá títì kí awakọ̀ lè tètè rí i. Waya láìsí ọ̀nà abẹ́ títì kò wúlò. Ó kàn sọ títì di odi ni.

Ti àìsàn ńkọ́?

Ní 2007, àìsàn lukímíà ti ológbò wọ àárín àwọn ti Doñana, láti ara ológbò ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kó o kú. Wọ́n mú àwọn tó ní i kúrò, wọ́n fún àwọn tó kù ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, iná náà sì kú. Ìdí tí ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn fi dẹ́rù bani ni pé gbogbo wọn jẹ́ ìbátan tó sún mọ́ra jù. Àwọn tó wo àbùdá línsì yìí ní 2016 rí i pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kéré lọ́nà tó bùáyà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da ọmọ Doñana pọ̀ mọ́ ọmọ Sierra Morena, tí wọ́n ti pẹ́ tí wọn kò rí ara wọn fẹ́.

Ṣé ó ń ṣe ènìyàn níbi?

Ó ń sá fún ènìyàn. Adìyẹ, ìyẹn lè ṣẹlẹ̀, pàápàá níbi tí ilé adìyẹ kò bá dè dáadáa. Wọ́n máa ń bá olóko tún ọgbà rẹ̀ ṣe, wọ́n sì máa ń san owó ohun tó pa.

Àwọn ọdẹ kò bínú pé ó ń jẹ ehoro àwọn?

Àwọn kan bínú. Ohun tí wọn kò kọ́kọ́ rò ni pé línsì kì í gba abánidíje láyè. Ibi tó bá tẹ̀dó sí, ó ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ó sì ń pa wọ́n. Ní Extremadura, lẹ́yìn tí línsì padà dé, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dín kù gan-an. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ púpọ̀ ń jẹ ehoro ju línsì mélòó kan lọ, nítorí náà ehoro àti àparò tiẹ̀ lè rí ìsinmi. Àwọn onílẹ̀ mìíràn wà tí wọ́n ń fi í yangàn báyìí pé línsì ń bẹ lóko àwọn.

Ṣé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìparun?

Kò tíì bọ́ tán. Àjọ IUCN, tó ń to ẹranko sí ipele gẹ́gẹ́ bí ewu tó wu wọ́n, fi í sí bèbè ìparun gan-an ní 2002. Ní 2015 wọ́n gbé e sókè sí ipele kejì, ní 2024 sí ipele kẹta, èyí tó túmọ̀ sí pé ewu ṣì wà, àmọ́ kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Àgbàlagbà tó lè bímọ nìkan ni wọ́n fi ń ṣe ìdíwọ̀n yìí, kì í ṣe gbogbo orí: 62 ni wọ́n ní 2001, wọ́n di 648 ní 2022. Iye tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń lé ni abo 750 tó ń bímọ. Ní 2024, wọ́n ka 470.

Iyè méjì tèmi kò sí lórí línsì, orí ehoro ló wà. Àìsàn kẹta lè dé bí ti àkọ́kọ́ ṣe dé, kò sì sí ibùdó ìbísí tó lè bí ehoro tó máa tó gbogbo òkè Sierra Morena jẹ.

Ǹjẹ́ mo lè ra ọmọ rẹ̀ kan sìn?

Kò sí ọ̀nà tó bófin mu. Ó wà lára àwọn ẹranko tí CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi igbó, ka òwò wọn léèwọ̀.

Níbo ni mo ti lè rí i lójúkojú?

Andújar ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ. Oṣù Kejìlá àti Kìíní ló dára jù, ìgbà tí akọ ń wá abo, tí wọ́n sì ń rìn lọ́sàn-án gangan nígbà mìíràn. Ẹ mú awò awọ̀nàjíjìn dání, ẹ wọ aṣọ òtútù, ẹ jókòó sí ojú kan. Bí àwọn ẹyẹ bá ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ariwo lórí igi kan ní ìsàlẹ̀ òkè, ẹ yí awò síbẹ̀. Ẹ má bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà láti lé e, ẹ má sì fi oúnjẹ pè é. Ọ̀pọ̀ ló ń fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó síbẹ̀ tí wọn kò rí ju ìgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó tò jọ sí àárín ọ̀nà bí ẹni fi í pààlà ilẹ̀, tí irun ehoro kún inú rẹ̀.